Kásẹ́ẹ̀tì Ìwópin

Àádọ́ta kọ́bọ̀ ni a fi ń wọ ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Àgọ́-Ìwòyè nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Ẹni tí kò bá ní in á fẹsẹ̀ rìn, a ó sì jọ dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Lónìí, ọ̀kadà tó gbé mi láti ẹnu ọ̀nà mi dé gáréèjì gba ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, ó sì ní òun ṣàánú mi nítorí ewú orí mi ni. Náírà kan ni abọ́ ìrẹsì tó ní ẹran lórí nígbà náà. Àwọn ọmọ-ọmọ mi kò tíì rí náírà kan rí. Ohun kan ṣoṣo tó wọ́n nígbà náà tó wá di ọ̀fẹ́ lónìí ni àwòrán tó ń rìn. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò kékeré kan tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ yóò gba owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, bó bá tilẹ̀ rí i rà. Lónìí, ọmọ ọdún mẹ́rin á fi fóònù ìyá rẹ̀ ya ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ní fídíò títí bátìrì á fi kú, ẹnikẹ́ni ò ní bá a wí. Mo ń sọ èyí kí ẹni tó bá ń kà á lè mọ ìdí tí a fi ṣe ohun tí a ṣe sí kásẹ́ẹ̀tì wa.

Márùn-ún ni wá. Àwa ọkùnrin mẹ́rin ń gbé yàrá kan ní Àgọ́-Ìwòyè, nígbà tí yunifásítì náà ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ fi máa ń mọ ẹni tí kò wá sí kíláàsì láìpe orúkọ. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ ará Òkè-Sopẹn, ọmọ oníṣòwò aṣọ, mùsùlùmí tó máa ń jí gbogbo yàrá fún àdúrà àsùbáà bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ló ń lọ. Ọ̀kan jẹ́ ará Ìwópin létí ọ̀sà, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí, ìyá náà sì ń yan ẹja tà. Ọ̀kan ní ẹ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà. Òun la ń pè ní olówó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gàrí kan náà la jọ ń mu. Èmi ni ẹ̀kẹrin, ọmọ tíṣà láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ̀karùn-ún ni obìnrin kan tó ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní òpópónà kejì. Yóò wá bá wa jẹun tán, yóò wá sọ pé ọbẹ̀ wa ò níyọ̀.

Ní ọdún tí a fẹ́ parí, ẹ̀gbọ́n Amẹ́ríkà fi kámẹ́rà fídíò kan ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kan péré ló bá a wá. Ará Ìwópin ti ń pè wá sílé ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, a sì fẹnu kò pé Ìwópin la máa lò ó fún nígbà ìsinmi.

Kámẹ́rà náà ní bọ́tìnnì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a fi ń yan bí téèpù ṣe máa yára tó. Bí a bá jẹ́ kó sáré, kásẹ́ẹ̀tì náà á tán láàárín ogún ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n àwòrán á mọ́ kedere. Bí a bá jẹ́ kó máa wọ́, kásẹ́ẹ̀tì kan náà á gba wákàtí kan gbáko, ṣùgbọ́n àwòrán á ṣú, á sì máa gbọ̀n. Ìwé tó bá kámẹ́rà wá sọ ọ́ gedegbe. Gbogbo wa la kà á.

“Wákàtí kan nínú kásẹ́ẹ̀tì kan,” ni olówó wí. “Ta ni wọ́n máa fún ní irú ìyẹn tó máa kọ̀ ọ́?”

“Ìwé ní kò ní dáa,” ni obìnrin wa dá a lóhùn.

“Òyìnbó ló kọ ìwé. Òyìnbó á ju èyí sílẹ̀, á sọdá títì, á ra òmíràn. Ìwọ lọ ra òmíràn wá ká rí i.”

Ará Òkè-Sopẹn rẹ́rìn-ín. “Ọmọ Ìjẹ̀bú kì í da omi gàrí nù. Ẹ jẹ́ kó máa wọ́.”

A dìbò, mẹ́rin sí ẹyọ kan. A tẹ bọ́tìnnì náà sí ibi ìwọ́, a sì gbéra.

Ìdí ààrò ẹja la bá ìyá náà nígbà tí a dé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó dúdú, àpá ìgbóná sì wà lójú rẹ̀ láti kékeré. Èéfín bò ó, ó ń fi ọwọ́ lásán yí ẹja padà lórí iná. Ìjẹ̀bú etí omi ló ń sọ, èmi ni mo ń kọ ọ́ báyìí kí gbogbo ènìyàn lè kà á.

“Kí lẹ gbé lé èjìká bí ìbọn yìí?”

“Màmá, àwòrán tó ń rìn ló ń yà.”

“N ò tíì fún yín lóúnjẹ, ẹ ti ń yà mí! Ṣé kí wọ́n máa wò mí ní Amẹ́ríkà kí wọ́n ní ahun rèé? Ẹ gbé e sílẹ̀. Àlejò kì í ya onílé kó tó jẹun.”

A díbọ́n pé a ti pa kámẹ́rà, a ò pa á. Lẹ́yìn tí a jẹ ẹ̀bà àti ẹja tútù tán, ó ní òun á wọlé lọ wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì òun, torí òun ò ní fi aṣọ ààrò wọ inú ẹ̀rọ. A kọjú kámẹ́rà sí ẹnu ọ̀nà, a ń dúró dè é. Ó pẹ́ nínú ilé. A ò pa kámẹ́rà, ẹnìkan ti sọ fún wa pé ìdádúró àti ìbẹ̀rẹ̀ ló ń ba téèpù jẹ́. Nígbà tó fi máa jáde pẹ̀lú gèlè lórí, kásẹ́ẹ̀tì náà ò kù ju díẹ̀ lọ.

Ìyá náà kú ní ọ̀yẹ́ tó tẹ̀lé ìgbà tí a parí ìwé. Lẹ́yìn náà ni omi ọ̀sà wọ ilé wọn ní ọdún kan, ó sì ba àpótí tí àwọn àwòrán rẹ̀ wà nínú rẹ̀ jẹ́. Olówó ló pa kásẹ́ẹ̀tì náà mọ́. Nígbà tí òun náà lọ, ìyàwó rẹ̀ kó àwọn nǹkan rẹ̀ kan fún mi, kásẹ́ẹ̀tì náà wà láàárín wọn, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mi ò sì tún ronú kàn án mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ará Ìwópin pè mí lórí fóònù. Títí di òní “ará-yàrá” la ń pe ara wa.

“Ará-yàrá, ṣé kásẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì wà?”

“Ó wà.”

“Mo fẹ́ rí màmá mi. Ojú òsì ti lọ pátá. Ọ̀tún ló kù. Dókítà ò ṣèlérí pé ìyẹn yóò bá mi ṣe Kérésì.”

Mo ti mọ̀ pé ojú ń dùn ún. N ò mọ̀ pé ó ti dé ibẹ̀. Ó ní àrùn náà ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín, pé bíi kí ènìyàn máa wo ayé láti inú páìpù ni, páìpù náà sì ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lójoojúmọ́. Mo ní kó fi í sílẹ̀ fún mi. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ní ìtàn, tí ìka mi ń gbọ̀n bí mo bá ń tẹ fóònù.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti rí ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, tó ṣì ní ẹ̀rọ fídíò àtijọ́ tó lè ka kásẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà. Ó yá mi ní ẹ̀rọ náà. Ó tan iná tọ́ọ̀ṣì sí téèpù náà, ó mi orí. Eruku dúdú ń bọ́ lára rẹ̀.

“Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan ni kẹ́ ẹ fi kọjá nínú ẹ̀rọ. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ má retí ẹ̀kẹta.”

Ọmọ mi obìnrin ti fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀ nílé wa. Wáyà kan ló ń gbé àwòrán láti inú ẹ̀rọ fídíò bọ́ sínú rẹ̀, ètò kan sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń gé fídíò, tí wọ́n fi ń tún un ṣe. Kí ètò náà tó gba ohunkóhun, ó máa ń béèrè ìbéèrè: àwòrán mélòó ni o fẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan? Ṣé fífẹ̀ ni kó rí ni àbí onígun mẹ́rin bíi tẹlifíṣọ̀n àtijọ́? Ṣé kí n mú un dán, kí ojú rẹ̀ máa jọ̀lọ̀? Ṣé kí n fún un pọ̀ kó má gba àyè? Ó rẹ̀ mí kí n tó dáhùn èyí àkọ́kọ́. Mo jókòó tì í ní ọ̀sán lẹ́yìn ọ̀sán, mò ń wo àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan ní kí n gbé gbogbo ìwọ̀n sókè dé òpin. Èkejì ní òmùgọ̀ ló ń gbé e sókè dé òpin.

“Bàbá àwọn ọmọ,” ni ìyàwó mi wí láti ẹnu ọ̀nà, “ẹ ti fẹ̀yìn tì kúrò níṣẹ́ ìjọba, ẹ wá gba iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Ṣé wọ́n á san owó oṣù?”

“Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n ronú.”

“Ẹ̀bà ti tutù. Ẹ ronú sí i.”

Àyè kò pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà náà. Àwòrán ìgbéyàwó ọmọ mi ló kún inú rẹ̀, n kò sì lè pa wọ́n rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ fún ètò náà pé kó fún fídíò wa pọ̀ dáadáa, kí gbogbo wákàtí náà lè wọ ibi kékeré, kí n sì lè fi í ránṣẹ́ sí Ìwópin lórí fóònù láìsí pé mo wọ ọkọ̀. Mo ní kó mú àwòrán náà dán torí ó ń gbọ̀n. Mo ní kó fẹ̀ ẹ́ kó lè kún ojú tẹlifíṣọ̀n òde òní. Ó ṣe gbogbo rẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ ńlá ni mo ṣe. Mo fi í ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ó pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.

“Ará-yàrá, ta ni ìyá sísanra tó ń yan ẹja yìí?”

“Màmá rẹ ni.”

“Màmá mi sanra rí? Ojú rẹ̀ dà? O ti sọ ìyá mi di ọṣẹ.”

Mo tún un wò. Òtítọ́ ló sọ. Nígbà tí mo fẹ̀ ẹ́, èjìká ìyá náà fẹ̀ bíi ti awakọ̀ tírélà. Nígbà tí mo mú un dán, àpá ìgbóná lọ, ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, èéfín gan-an di òwú. Ohun tó kù, fífún tí mo fún un pọ̀ ti jẹ ẹ́. Ìwọ́ la fi yà á nígbà èwe kí kásẹ́ẹ̀tì má baà tán, ìfúnpọ̀ ni mo fi gbà á nígbà arúgbó kí àyè má baà kún. Mo jókòó. Kì í ṣe inú ló bí mi, ó kàn rẹ̀ mí ni.

Téèpù náà gbọ́dọ̀ tún kọjá nínú ẹ̀rọ. Ìyàwó mi ni mo kọ́kọ́ sọ fún.

“Bó bá já ńkọ́?” ló béèrè.

“Á já.”

“Ẹ kó àwòrán ìgbéyàwó yẹn kúrò nínú kọ̀ǹpútà. Ọmọ tó ṣègbéyàwó wà láàyè, ó sì ní tirẹ̀.”

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àga wá, ó jókòó tì mí, ó ká ọwọ́ lé àyà. Ní ọ̀tẹ̀ yìí n kò ní kí ètò náà ṣe nǹkan kan fún mi. Kámẹ́rà Amẹ́ríkà máa ń ya ọgbọ̀n àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá, mo fi í sí ọgbọ̀n. Onígun mẹ́rin ni wọ́n yà á, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó má mú un dán, kó má fún un pọ̀, kó gba gbogbo àyè tó bá fẹ́. Lẹ́yìn náà mo tẹ bọ́tìnnì.

Ó ń lọ. Ààrò jáde, ọwọ́ jáde, ẹja jáde. Àwòrán náà ń gbọ̀n, ó sì ṣú bí a ṣe yà á, ṣùgbọ́n àpá ìgbóná wà níbẹ̀, a lè tọ́ka sí wọn. Ìyàwó mi tí kò rí obìnrin náà rí ní, “Ó rẹwà o.” Ibi ẹnu ọ̀nà dé. Mo ń wo ilẹ̀kùn òfìfo, mò ń gbàdúrà. Bí ìyá náà ṣe yọ orí jáde báyìí, ẹ̀rọ náà dún kẹ̀kẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà di búlúù. Téèpù ti já, ó sì ti wé mọ́ inú ẹ̀rọ.

Ìyàwó mi dìde, ó lọ gbé tíì wá.

Bí ó ṣe wá rí nìyí: ìyá nínú aṣọ ààrò, kedere, ìyá nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọṣẹ. Mo so èkejì mọ́ ìparí èkíní, torí kò sí òmíràn. Mo gbé kọ̀ǹpútà náà sínú báàgì, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, mo tún wọ òmíràn lọ sí ìhà omi. Ọ̀nà náà ò dára. Orúnkún mi ka gbogbo kòtò ibẹ̀. Nígbà tí a ń ṣe akẹ́kọ̀ọ́, orin la fi rin ọ̀nà yìí lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Ní ọ̀tẹ̀ yìí èmi àti obìnrin kan tó gbé adìẹ lé itan la jọ jókòó, adìẹ nìkan ló ń ké.

Ó wà níwájú ilé rẹ̀, ó kọjú sí ọ̀sà. Ó gbọ́ ohùn mi kó tó rí mi.

“Ará-yàrá! O ti gbó.”

“Báwo lo ṣe mọ̀?”

“Ẹsẹ̀ rẹ ń wọ́ bíi kásẹ́ẹ̀tì wa.”

Ọmọ rẹ̀ ti ra tẹlifíṣọ̀n ńlá kan fún un, ó bo ògiri. A so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ yọ, ó tóbi ju bó ṣe tóbi láyé lọ. Ọ̀rẹ́ mi ń yí orí sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì, ó ń wá a kiri bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú koríko.

“Imú ni mo rí,” ló wí. “Ìyẹn etí. N ò rí i pọ̀. Ó tóbi jù fún páìpù mi.”

Ó ti fẹ́ dìde. Ó ní kí n má ṣe ìyọnu mọ́, pé òun ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ó tó. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá ọ̀pá rẹ̀. Èmi náà ò fẹ́ kó rí ojú mi.

“Jókòó,” ni mo wí. “Jọ̀ọ́, jókòó ná.”

Mo yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n. Mo gbé kọ̀ǹpútà sí itan rẹ̀. Mo lọ sí ibi tí a ti ń tún fídíò ṣe nínú ètò náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òdì kejì gbogbo ohun tí mo kọ́. Mo sọ àwòrán náà di kékeré. Mo tún sọ ọ́ di kékeré sí i, títí ó fi tó páálí ìṣáná kan láàárín ojú kọ̀ǹpútà, dúdú sì yí i ká. Mo mú kí ibi tó mọ́ mọ́ sí i, kí ibi tó ṣú ṣú sí i, débi pé kò sí olùkọ́ kankan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó máa gbà pé iṣẹ́ nìyẹn. Ó tẹ orí síwájú. Ó ń mí láti ẹnu.

“Dúró,” ló wí.

Mo dúró.

“Ó ń fi ọwọ́ lásán yí ẹja.” Ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Mo máa ń sọ fún un pé kó lo igi. Àpá ọ̀gangan imú yẹn, mo máa ń fi ìka kàn án nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Jẹ́ kó máa lọ.”

Ó ń lọ. Nígbà tó kan ibi ẹnu ọ̀nà, mo na ọwọ́ kí n fò ó kọjá, torí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú.

“Má fò ó. Fetí sílẹ̀.”

Mo ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, n kò kà á sí. Láti inú ilé, ìyá náà ń ṣí àpótí, ó ń pa á dé, ó ń bínú sí ọmọ rẹ̀: “Níbo lo gbé gèlè mi sí? O fi di báàgì rẹ tó bàjẹ́, àbí? Àwọn ọmọ yunifásítì! Kí lẹ ń kọ́ níbẹ̀?” Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wú ikọ́. A gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lẹ́yìn náà ìyá náà jáde pẹ̀lú gèlè, ọṣẹ sì bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó má bínú. Ó ní ojú òun náà ń rí ọṣẹ káàkiri, kò sí ìyàtọ̀ tó pọ̀. Níbi tó parí, ẹnìkan nínú wa ti gbé kámẹ́rà sójú fèrèsé, ó sáré wá dúró, gbogbo wa sì tò yí ìyá náà ká, a ń rẹ́rìn-ín ẹ̀rín òmùgọ̀. Mo dá a dúró níbẹ̀. Gbogbo wa ò lè wọ inú páìpù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà mò ń ti àwòrán náà lọ díẹ̀díẹ̀, ẹnìkan lẹ́yìn ẹnìkan, ó sì ń béèrè.

“Ta nìyí, onífìlà?”

“Ará Òkè-Sopẹn ni. Ó ti kú. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n sin ín, mo dé lẹ́yìn tí wọ́n ti kó ṣọ́bìrì kúrò.”

“Ẹni yìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé?”

“Olówó. Ó ti kú, o mọ̀.”

“Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ kí o sọ ọ́ ni. Obìnrin wa ńkọ́?”

“Ó wà láàyè. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló ń bá jà. Mo lọ kí i nígbà ọdún Àjíǹde, ó rò pé dókítà ni mí.”

Ó tẹ̀ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà.

“Màmá nìyí. Màmá ti lọ. Ta ló dúró tì í?”

“Ìwọ ni.”

“Èmi wà,” ló wí. “Ẹni gíga tó gbójú sókè yìí?”

“Èmi ni,” ni mo wí. “Mo wà.”